Èèkàn Inú Kọnkéré: Ohun Tí Ó Di Àjà, Afárá àti Ògiri Títì Mú

Bí ènìyàn bá wọ inú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, tí ó sì gbójú sókè, yóò rí fáànù tí ó rọ̀ sí abẹ́ àjà kọnkéré, tí ó ń yí lọ́sàn-án àti lóru. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń béèrè ohun tí ó dì í mú. Kò sí òpó tí ó gbé e ró láti ìsàlẹ̀. Orí ìkọ́ irin kékeré kan ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ dúró lé. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ ti so ìkọ́ yìí mọ́ àwọn ọ̀pá irin inú dẹ́kìn kí wọ́n tó da kọnkéré lé e lórí, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí kọnkéré náà le, ìkọ́ ti di ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbàgbé láti fi ìkọ́ sí i, tí ó sì di ẹ̀yìn ọdún méjì kí onílé tó rántí fáànù, ọ̀ràn di ọ̀tọ̀. A ní láti lu ihò sínú kọnkéré tí ó ti le, kí a sì wá ohun tí yóò di irin mú nínú ihò náà. Àìmọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì yìí ti gba ẹ̀mí ènìyàn ní ilẹ̀ òkèèrè, ó sì kan afárá, títì márosẹ̀ àti ilé gbígbé ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú.

Àwọn ẹnjiníà a máa pe irú irin bẹ́ẹ̀ ní ìdákọ̀ró, nítorí pé ohun tí ìdákọ̀ró ń ṣe fún ọkọ̀ ojú omi ni òun náà ń ṣe fún ohunkóhun tí a bá so mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n èèkàn tí a fi ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ ni ó jọ jù lọ, orúkọ náà ni a óò sì máa pè é níhìn-ín. Ọ̀nà mẹ́ta péré ni ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn lè gbà sá lọ. Okùn lè já. Èèkàn lè yọ kúrò nínú ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì rọ̀, ewúrẹ́ lè fa èèkàn tòun ti ògúlùtu erùpẹ̀ tí ó yí i ká. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú kọnkéré: irin lè já, irin lè yọ kúrò nínú ihò rẹ̀, tàbí kí kọnkéré fúnra rẹ̀ fà ya pẹ̀lú irin náà. Ẹni tí ó ra bóòtù tí ó nípọn jù lọ ní ọjà ti dí ọ̀nà kìíní nìkan. Àwọn ọ̀nà méjì yòókù ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ìdí tí kọnkéré fi lè fà ya ni pé agbára rẹ̀ kò dọ́gba níhà méjèèjì. Bí a bá gbé ẹrù lé e, yóò rù ú. Bí a bá fà á, agbára tí yóò fi kojú fífà náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí ó fi ń ru ẹrù. Nígbà tí èèkàn bá fà á kọjá ìwọ̀n yìí, èyí tí ó ń ya jáde a máa ní ìrísí àrọ: ẹnu rẹ̀ gbòòrò ní ojú kọnkéré, ìdí rẹ̀ sì mú ní ibi tí èèkàn dé nínú ihò. Ẹnu àrọ náà a máa fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta jíjìn èèkàn. Èyí ni pé èèkàn tí ó wọlé ní ínṣì 4 ń béèrè kọnkéré gidi tí ó tó ínṣì 6 ní ìhà gbogbo yí i ká. Bí a bá lu ihò náà sí etí dẹ́kìn, ìdajì àrọ ti wà ní òfuurufú, agbára èèkàn sì ti dínkù bẹ́ẹ̀. Èèkàn méjì tí ó sún mọ́ ara wọn jù kì í sì í ní agbára èèkàn méjì, nítorí àrọ kan náà ni wọ́n jọ ń pín.

Àwọn wẹ́dà tí ń fi irin ààbò sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì a máa ṣe ohun tí ó lòdì sí èyí lemọ́lemọ́: bóòtù mẹ́rin nínú pẹpẹ irin kékeré kan, ní ínṣì 2 sí etí kọnkéré. Ó dára ní wíwò, yóò sì máa dúró títí di ọjọ́ ìnáwó tí ènìyàn mẹ́rin bá jọ fara tì í láti wo onílù nísàlẹ̀. Ohun tí ì bá ràn án lọ́wọ́ ni kí bóòtù jìn sí i, kí ó sì jìnnà sí etí. Ìṣirò tí àwọn ẹnjiníà ń lò fi hàn pé bí jíjìn èèkàn bá di ìlọ́po méjì, tí kọnkéré sì gbòòrò tó yí i ká, agbára kọnkéré láti dì í mú yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta.

Èèkàn tí a dà pọ̀ mọ́ kọnkéré láti ìbẹ̀rẹ̀ ni baba gbogbo wọn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní orí, tàbí kí ó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ìwọ̀ ẹja, kò sì rọrùn fún un láti yọ láìfọ́ kọnkéré. Irú rẹ̀ ni a ń lò ní ìsàlẹ̀ òpó iná ojú títì àti òpó irin àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé a ní láti mọ ibi tí a fẹ́ ẹ sí kí a tó da kọnkéré, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ènìyàn ń mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Nítorí èyí ni àwọn irú mìíràn ṣe jáde. Ní ọdún 1911, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ John Joseph Rawlings béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun kékeré kan tí a ń kì bọ inú ihò ara ògiri kí a tó fi sukúrù sí i. Iṣẹ́ tí ó mú un ronú dé ibẹ̀ ni fífi ohun èlò iná mànàmáná sára ògiri British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láìba ẹwà ògiri náà jẹ́. Bí sukúrù bá ti ń wọlé, ohun kékeré náà a máa wú, a sì há mọ́ ihò. Orúkọ ọkùnrin yìí ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè láìmọ̀ nígbà tí wọ́n bá béèrè fún «róòlù bóòtù» ní ọjà. Irin ni òun ní tirẹ̀. Bí a bá ti ń fi sípánà fún nọ́ọ̀tì rẹ̀, ìdí rẹ̀ a máa fẹ̀, a sì fún mọ́ ògiri ihò.

Irú kẹta ni èyí tí a fi àtè lẹ̀. A óò lu ihò, a óò po àtè tí a ṣe ní apá méjì pọ̀ mọ́ ara wọn, a óò fún un sínú ihò, a óò sì ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́. Kì í ṣe àtè tí àwọn ọmọdé fi ń mú ẹyẹ. Bí ó bá ti le tán, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kọnkéré a máa fọ́ kí òun tó jọ̀wọ́ irin tí ó dì mú, nítorí náà ni ó ṣe gbayì láàárín àwọn akọ́lé. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń lò ó ni ó mọ̀ ọ́n, ìwà náà ni ó sì fa ìjàǹbá ìlú Boston.

Ní ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n la ọ̀nà abẹ́lẹ̀ kan tí ó gbé títì ńlá lọ sí ìhà pápá ọkọ̀ òfuurufú ìlú náà, wọ́n sì ṣí i fún ọkọ̀ ní ọdún 2003. Ní apá kan ọ̀nà náà, wọ́n fi pẹpẹ kọnkéré wíwúwo ṣe àjà sí abẹ́ òrùlé, kí afẹ́fẹ́ lè rí ààyè gbà kọjá lókè àjà. Àwọn pẹpẹ náà rọ̀ mọ́ irin, irin sì rọ̀ mọ́ èèkàn tí a fi àtè lẹ̀ sínú ihò tí ó jìn ní ínṣì 5 nínú òrùlé. Ní alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Keje, ọdún 2006, ní nǹkan bí agogo 11, àwọn èèkàn kan yọ. Kọnkéré àti irin tí ó tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 26 já lu ojú títì àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí tọkọtaya wà nínú rẹ̀. Ìyàwó kú, ọkọ rẹ̀ tí ń wa ọkọ̀ náà jáde láàyè.

Ohun tí ó ṣòro láti yé ni pé wọ́n ti dán àwọn èèkàn náà wò nígbà tí wọ́n fi wọ́n sí ibẹ̀. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ fà wọ́n pẹ̀lú agbára tí ó ju ẹrù tí wọn yóò gbé lọ, wọn kò sì yẹ̀. Ta ni kò ní fọkàn tán ohun tí a fà tí kò wá?

Ìdáhùn wà nínú àgbá ọ̀dà. Ọ̀dà tí a fi ń ṣe títì a máa le nínú àgbá rẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá fi òòlù lù ú ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, yóò fọ́ wẹ́wẹ́ bí èédú. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òkúta kan lé ọ̀dà yìí kan náà lórí, tí a sì fi í sílẹ̀, nígbà tí ọjọ́ bá pẹ́ a óò rí i pé òkúta ti rì. Kò sí ẹni tí ó tì í. Ìwúwo rẹ̀ nìkan, pẹ̀lú àkókò, ni ó ṣe é. Àtè inú ihò Boston ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré. Fífà ìṣẹ́jú díẹ̀ kò lè mú un, ṣùgbọ́n ẹrù tí ń fà á láìsinmi, lọ́sàn-án lóru, fún ọdún púpọ̀, ń mú un fà díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín títí irin fi bọ́. Ooru a sì máa mú kí ìwà yìí le sí i, ohun tí kò yẹ kí ẹni tí ń kọ́lé sí ilẹ̀ olóoru gbàgbé.

Irú méjì ni àtè tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ kan náà: ọ̀kan ń yára le, èkejì ń pẹ́ kí ó tó le. Èyí tí ń yára le kò tọ́ fún ẹrù tí yóò máa fà á títí lọ, ìdánwò àwọn tí ó ṣe é sì ti fi èyí hàn. Òun ni a bá nínú ihò. Àwọn àgbà a máa wí pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kì í sì í ṣe itọ́ ni wọ́n fi mọ ti Boston, iṣẹ́ olówó gọbọi ni.

Àmì sì ti wà ṣáájú. Ní ọdún 1999, nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n rí i pé díẹ̀ nínú àwọn èèkàn tí ó ti yege nínú ìdánwò ti ń yọ kúrò nínú òrùlé. Wọ́n fa àwọn èyí tí ó bàjẹ́ yọ, wọ́n fi òmíràn sí i, wọ́n tún fi ẹ̀rọ fà wọ́n wò, iṣẹ́ sì ń tẹ̀síwájú. Kò sí ẹni tí ó tọ ìdí rẹ̀ dé gbòǹgbò. Nígbà tí àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2007, ó wí pé bí a bá ti yẹ òkè àjà náà wò déédéé láti ọdún 2003 títí di 2006, ó ṣeé ṣe púpọ̀ kí a ti rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wúwo jù nínú gbogbo àbọ̀ náà. Èèkàn tí ń fà díẹ̀díẹ̀ kì í yọ lójijì. Ó ń fi ara rẹ̀ hàn tipẹ́, ní ìwọ̀n tí ojú lásán lè rí, bí ẹnì kan bá gun àkàbà lọ wò ó.

Ó lé díẹ̀ ní ọdún 6 lẹ́yìn ìjàǹbá Boston kí ti ilẹ̀ Japan tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà abẹ́ òkè Sasago, tí òpópónà Chuo láti Tokyo gbà kọjá sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, ti wà ní ìlò láti ọdún 1977, ó sì gùn ju kìlómítà 4 lọ. Àjà kọnkéré tirẹ̀ pẹ̀lú rọ̀ mọ́ èèkàn tí a fi àtè lẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, ọdún 2012, àjà náà já lulẹ̀ ní gígùn tí ó tó nǹkan bí mítà 140, ènìyàn 9 ni ó sì kú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà gan-an ni wọ́n ti yẹ ọ̀nà náà wò, ṣùgbọ́n wọn kò gun òkè àjà lọ fi òòlù kan àwọn èèkàn.

Òòlù kékeré yìí kì í ṣe ohun ẹ̀yà rárá. Èèkàn tí ó dúró ṣinṣin, ohùn rẹ̀ a máa mọ́ bí ti agogo bí a bá kàn án. Ohùn èyí tí ó ti tú a máa kú, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá ti ń fi ìka kan ìkòkò amọ̀ ní ọjà láti mọ èyí tí ó ti sán. Láti ọdún 2014 ni ìjọba Japan ti pa á láṣẹ pé kí a máa yẹ gbogbo afárá àti ọ̀nà abẹ́ òkè wò ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ọdún 5, láti ibi tí ọwọ́ ti lè tó wọn, kì í ṣe láti òkèèrè.

Ní Amẹ́ríkà, ìwé òfin kọnkéré ti ọdún 2011 fi èèkàn àtè sábẹ́ ìlànà. Àtè tí a bá fẹ́ lò gbọ́dọ̀ ti yege nínú ìdánwò fífà ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ẹrù tí yóò máa fà á títí lọ kò gbọdọ̀ ju ìdá 55 nínú 100 agbára tí a kà sí i lọ́rùn. Ẹni tí yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè orí, níbi tí ẹrù yóò ti máa fà á títí, gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Ìwé ẹ̀rí fún ẹni tí ń ki irin bọ ihò lè dà bí àṣejù lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣejù. Eruku tí ẹ̀rọ bá fi sílẹ̀ a máa bo ògiri ihò bí èlùbọ́, àtè yóò sì lẹ̀ mọ́ eruku dípò kí ó lẹ̀ mọ́ kọnkéré. A ní láti fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ihò náà, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha inú rẹ̀, kí a sì tún fẹ́ ẹ, ní iye ìgbà tí ìwé tí ó bá àtè wá bá wí. Ìdí ihò ni a sì ní láti ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àtè bọ̀ wá sí ẹnu, kí afẹ́fẹ́ má bàa há sí abẹ́ rẹ̀. Bíríkìlà tí ó fẹnu fẹ́ ihò lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì yára dijú nítorí eruku, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ní ti ògiri kọnkéré tí a fi ń la àárín títì márosẹ̀, ìkọlù ìṣẹ́jú àáyá ni a ń retí, kì í ṣe fífà ọdún pípẹ́, iṣẹ́ èèkàn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà ni ó sọ irú ògiri yìí di olókìkí ní ọdún 1955. Kúkúrú ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Nígbà tí ó di ọdún 1959 ó ti ga tó ínṣì 32, ìwọ̀n tí àwọn ilẹ̀ mìíràn fi ṣe àwòkọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, orí rẹ̀ sì tín-ín-rín. Bí ọkọ̀ bá fi ẹ̀gbẹ́ kàn án, táyà yóò gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà díẹ̀, ògiri yóò sì darí ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà rẹ̀ dípò kí ó ré kọjá lọ pàdé àwọn tí ń bọ̀.

Ìwúwo rẹ̀ tó nǹkan bí pọ́n-ùn 400 nínú ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ìwúwo yìí tó láti dá tírélà dúró. Kò tó. Àwọn arìnrìn-àjò tí ó gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn nígbà iṣẹ́ àtúnṣe tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013 mọ irú ògiri àgbékalẹ̀ tí wọ́n fi ń ya ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ohun tí ó ń fún irú ògiri bẹ́ẹ̀ lágbára ni òrùka irin tí ó wà ní orí kọ̀ọ̀kan rẹ̀ àti ọ̀pá irin tí a fi gún òrùka ọ̀kan pọ̀ mọ́ ti èkejì. Nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu ọ̀kan, àwọn ará rẹ̀ yóò fà á mú bí ẹwọ̀n. Bí a bá yọ ọ̀pá kan ṣoṣo, ẹwọ̀n ti já níbẹ̀, ògiri tí ó kù sì di òkúta tí ó dá dúró.

Síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ so pọ̀, ògiri àgbékalẹ̀ a máa sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan nígbà ìkọlù ńlá. Lójú títì lásán, ààyè wà fún un láti sún. Lórí afárá, kò sí. Afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí tán ní Èkó ní ọdún 1990 gùn ju kìlómítà 11 lọ, ọ̀sà sì ni ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀. Níbi tí ó bá rí báyìí, ògiri ẹ̀gbẹ́ kò gbọdọ̀ sún ní ínṣì kan. Òun ni àwọn ẹnjiníà ṣe ń mú kí ọ̀pá irin ògiri ẹ̀gbẹ́ afárá ti inú kọnkéré afárá fúnra rẹ̀ jáde wá, kí a lè da àwọn méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Bí ó bá sì jẹ́ ògiri tí a fi kún un lẹ́yìn náà, kí bóòtù gba inú kọnkéré jáde sí abẹ́, kí a fi pẹpẹ irin àti nọ́ọ̀tì dè é níbẹ̀. Ògiri tí ọkọ̀ bá ti kọlù gba àyẹ̀wò ju bí ojú ti rí i lọ. Ó lè má fi ju ìlà ọ̀dà ọkọ̀ hàn lára, kí èèkàn abẹ́ rẹ̀ sì ti tẹ̀, tàbí kí kọnkéré tí ó di èèkàn mú ti ya ní ìrísí àrọ tí a ti sọ ṣáájú.

Ọ̀tá méjì ni èèkàn ojú títì ní ní ilẹ̀ yìí. Èkíní ni ìpẹtà, pàápàá ní ẹ̀bá òkun àti ọ̀sà, níbi tí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ti ń jẹ irin, tí omi òjò sì ń dúró sí abẹ́ pẹpẹ irin tí ẹnikẹ́ni kò gbá. Èkejì ni ọwọ́ ènìyàn. Àwọn kan ń fi òru tú nọ́ọ̀tì àti irin ẹ̀gbẹ́ afárá tà fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Owó tí nọ́ọ̀tì kan ń mú wá kò tó ra oúnjẹ òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n bí bóòtù mẹ́rin bá di òpó kan mú, tí ọ̀kan sì lọ, kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin agbára nìkan ni ó lọ. Ẹrù kò tún pín dọ́gba mọ́, èyí tí ó sún mọ́ àlàfo náà ni yóò gba èyí tí ó pọ̀ jù.

Ẹni tí ó bá rí ibi tí nọ́ọ̀tì ti sọnù, tí ọ̀pá ìdè ògiri ti kúrò, tàbí tí òpó irin ń mì, kí ó fi tó ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ìjọba fún iṣẹ́ òde tàbí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ó sún mọ́ ọn létí. Kí ó sọ orúkọ afárá tàbí òpópónà náà, ìhà tí ọkọ̀ ń kọrí sí, àti ohun tí a lè fi dá ibẹ̀ mọ̀, ìbáà ṣe òpó iná tàbí pátákó kìlómítà. Kí ó má ṣe dá ọkọ̀ dúró lórí afárá láti lọ fi ọwọ́ mì ín wò.